Àpò Kan, Tábìlì Kan, Àdúrà Kan: Ogún Tí Àwọn Fadá àti Sístà Fi Sílẹ̀ fún Wa

Bí ilé ẹ̀kọ́ bá pé ọdún tí ó tó ṣàjọyọ̀, ohun àkọ́kọ́ tí ó máa ń wá sí ọkàn àwa tí a ti kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ rí ni pé kí a kọ́ nǹkan: géètì ńlá tí a ó kọ ọdún ìjáde wa sí lára, gbọ̀ngán tuntun, tàbí kànga ẹ̀rọ tí òkúta ìrántí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A kò sọ pé èyí burú. Ẹni tí inú rẹ̀ dùn kò lè fi ọwọ́ lẹ́rán. Ṣùgbọ́n ní ọ̀kan nínú àwọn ìpàdé tí a fi ń múra sílẹ̀ fún àjọyọ̀ yìí, olùkọ́ àgbà kan sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò jẹ́ kí a sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Ó ní ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí a fi ń jiyàn lórí irú táìlì tí a ó lẹ̀ mọ́ géètì, ọmọbìnrin kan tí ó wà ní ọdún kẹrin ti ń jókòó sílé. Bàbá rẹ̀ tí ó jẹ́ awakọ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn, owó sì tán. Kò sí ẹni tí ó lé ọmọ náà. Ojú ni ó ń tì í.

Ilé àwọn ọmọ náà kò ju ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ sí ibi tí a ti ń ṣèpàdé. Àwa tí a pé jọ lọ́jọ́ náà, a lè san owó náà kí a tó jẹ oúnjẹ ọ̀sán tán. Ohun tí ó sì dùn wá jù ni pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó mọ̀. Láti ìgbà náà ni a ti ń bi ara wa léèrè pé kí ni ogún ilé ẹ̀kọ́ Kristẹni gan-an. Ṣé ògiri ni, tàbí ènìyàn? Àwọn àgbà ti dá wa lóhùn tipẹ́tipẹ́ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí kò ní wíwọ́ nínú. Àwọn tí ó mú ilé ẹ̀kọ́ Kristẹni dé etí òkun wa, pàápàá jù lọ àwọn fadá àti àwọn sístà, kò fi ilé ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́ wọn. Ìgbé-ayé àjùmọ̀ṣe ni wọ́n fi ṣe é: àpò kan, tábìlì kan, àdúrà kan. Ilé tí a rí lónìí jẹ́ èso tí ó so lórí igi náà. Àwa ti di ẹni tí ń ká èso, a kò sì rántí igi mọ́. Bí a kò bá tún bu omi sí gbòǹgbò rẹ̀, àjọyọ̀ tí ń bọ̀ yóò bá géètì tí ó rẹwà, ṣùgbọ́n kì yóò bá ilé ẹ̀kọ́ Kristẹni nínú rẹ̀.

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí àti àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ kì í ṣe ọmọ Ìjọ Àgùdà. Áńgílíkà wà nínú wa, Onítẹ̀bọmi wà, Mẹ́tọ́díìsì wà, àwọn aláṣọ funfun wà, àwọn òbí Mùsùlùmí tí ó fi ọkàn tán wa tí wọ́n fi gbé ọmọ wọn lé wa lọ́wọ́ sì wà. A kò pe ẹnikẹ́ni kí ó yí ìjọ rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí a ti ń ro oko, ọ̀dọ̀ ẹni tí oko rẹ̀ so ni yóò lọ, kì yóò bi í léèrè ilé tí ó ti wá.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1856, ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé, Bíṣọ́ọ̀bù Melchior de Marion Brésillac, tí ó ti ṣe iṣẹ́ ìránṣẹ́ ní ilẹ̀ Íńdíà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó àwọn ènìyàn díẹ̀ jọ, ó sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ Ọlọ́run ní Áfíríkà. Ẹgbẹ́ náà ni a mọ̀ sí S.M.A. títí di òní. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1859 ni Bíṣọ́ọ̀bù náà gúnlẹ̀ sí Freetown ní Sàró. Ibà apọ́njú ń jà ní ìlú náà lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà, kò tíì pé oṣù méjì tí ó dé, ó kú. Àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ń kú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ó fi kù díẹ̀ kí ẹgbẹ́ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta parun.

Ẹni tí ó kù ní Lyon láti di ilé mú ni Fadá Augustin Planque. Bí ó bá jẹ́ pé orí ọlá ẹnì kan ni wọ́n gbé ẹgbẹ́ náà lé, ibẹ̀ ni ìtàn ìbá parí sí. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé e lé orí ìmọ̀ràn pé iṣẹ́ náà kì í ṣe ti ẹnì kan. Planque tẹ̀ síwájú. Òun ni ó darí ẹgbẹ́ náà títí ó fi kú ní ọdún 1907. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1861, Fadá Francesco Borghero, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, gúnlẹ̀ sí Ouidah ní Dàhòmì. Ní ọdún 1863 ó wá wo Èkó. Ní ọdún 1868 Fadá Pierre Bouche wá jókòó sí Èkó. Nígbà tí ó di ọdún 1876, Planque kan náà dá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin sílẹ̀ ní Lyon, ìyẹn àwọn Sístà Ìyá Wa ti Àwọn Àpọ́sítélì, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí O.L.A., nítorí ó yé e pé iṣẹ́ tí ọkùnrin nìkan ń ṣe láàárín àwa tí ìyá ń tọ́ kò lè fìdí múlẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí Borghero tó fi ẹsẹ̀ tẹ Èkó, ìgbé-ayé àjùmọ̀ṣe ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Àwọn Àgùdà, àwọn ọmọ wa tí a kó lẹ́rú tí wọ́n sì ti Bràsílì padà wálé, ti ń péjọ fún àdúrà láìní fadá kankan. Ọkùnrin kan tí òun náà ti jẹ́ ẹrú rí, tí gbogbo wọn ń pè ní Pa Antonio, ni ó ń kó wọn jọ. Òun ni ó ń ṣíwájú nínú àdúrà, òun ni ó ń rì ọmọ wọn bọmi, òun ni ó ń dúró ti òkú wọn. Kò ní ilé ńlá, kò sì gba oyè àlùfáà. Ohun tí ó ní ni àwọn ènìyàn tí wọ́n ń pàdé ní àkókò tí wọ́n dá, tí wọ́n sì mọ ẹni tí kò wá. Nígbà tí àwọn fadá dé, ìjọ ni wọ́n bá nílẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún wa pé ìgbé-ayé àjùmọ̀ṣe jẹ́ àṣà òyìnbó. Bí òyìnbó ti mú tirẹ̀ dé, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Yorùbá tí a tú sílẹ̀ lóko ẹrú ti mú tirẹ̀ bọ̀.

Kí wá ni a ń pè ní ìgbé-ayé àjùmọ̀ṣe nínú ilé àwọn onísìn? Ìmọ̀ náà ti pẹ́ ju ẹgbẹ́ S.M.A. lọ. Ní ọ̀rúndún kẹfà ni Bẹ́nédíkítì Mímọ́ ní ilẹ̀ Ítálì ti kọ ìlànà fún àwọn tí ń gbé pọ̀, tí ó pín ọjọ́ wọn sí àdúrà, iṣẹ́ ọwọ́ àti ìwé kíkà. Àwọn ẹgbẹ́ tí ó dìde lẹ́yìn rẹ̀, olúkúlùkù mú nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀ ti rí. Àwọn sístà jẹ́ ẹ̀jẹ́ mẹ́ta: pé àwọn kì yóò ní ohun ìní tiwọn, pé àwọn kì yóò ṣe ìgbéyàwó, àti pé àwọn yóò gbọ́ràn sí ẹgbẹ́ lẹ́nu. Àwọn fadá S.M.A. kò jẹ́ ẹ̀jẹ́ bí ti àwọn mọ́ńkì, ìbúra ni wọ́n ṣe láti fi gbogbo ayé wọn fún iṣẹ́ náà. Ọ̀nà yàtọ̀, ibi tí wọ́n ń lọ kò yàtọ̀.

Ẹ wo bí ọjọ́ kan ti rí nínú ilé àwọn sístà láyé àtijọ́. Agogo dún kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n jọ kọ Sáàmù, wọ́n jọ gba Máàsì, wọ́n jọ jẹun àárọ̀. Olúkúlùkù wá lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀: ọ̀kan sí kíláàsì, ọ̀kan sí ilé ìwòsàn, ọ̀kan sí ilé ìdáná. Kí wọ́n tó jẹ oúnjẹ ọ̀sán, wọn a dákẹ́ díẹ̀ kí olúkúlùkù lè yẹ ọkàn ara rẹ̀ wò. Ní alẹ́, wọ́n jọ gbàdúrà, wọ́n jọ tàkúrọ̀sọ, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn èyí, ìdákẹ́jẹ́ bo gbogbo ilé títí di òwúrọ̀. Ẹni tí a fi ṣe ìyá ilé lónìí mọ̀ pé àkókò òun yóò pé, àti pé ẹni tí ń sìn lábẹ́ òun lè di olórí òun lọ́la. Nítorí náà ni ẹni tí ó gbọ́n nínú wọn fi ń fi sùúrù paṣẹ.

Ti owó ni ó wá yẹ kí a fi ọkàn sí jù. Sístà tí ó jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ gba owó oṣù, sístà tí ó ń fọ aṣọ kò gba nǹkan kan. Owó méjèèjì bọ́ sínú àpò kan ṣoṣo. Bí ẹnì kan bá gba ẹ̀bùn, ó di ti gbogbo ilé. Bí ẹnì kan bá nílò bàtà, ilé ni yóò rà á fún un. Kì í ṣe ẹni tí ó mú owó wọlé jù ni ó jẹ ẹran tí ó tóbi jù. Ẹni tí ó ṣàìsàn ni a kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún. Ètò yìí kì í ṣe tuntun létí ẹni tí ó bá ti ka Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, níbi tí a ti ròyìn àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n pa ohun ìní wọn pọ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àwa ń kà á ní ọjọ́ Àìkú, àwọn ń ṣe é ní ọjọ́ Ajé.

Èso rẹ̀ kò fara sin. Ní Abẹ́òkúta, ní ọdún 1895, ilé ìwòsàn Ọkàn Mímọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Làǹtòrò lábẹ́ Fadá Jean-Marie Coquard, tí ó lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ láàárín àwọn Ẹ̀gbá títí ó fi kú síbẹ̀ ní ọdún 1933. Àwọn sístà O.L.A. ni wọ́n dúró ti àwọn aláìsàn níbẹ̀, títí kan àwọn adẹ́tẹ̀ tí ẹbí wọn ti yẹra fún. Ní Èkó, St. Gregory's College ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ ní Ọbáléndé ní ọdún 1928. Ní Ọyẹ́-Èkìtì, láti ọdún 1947, Fadá Kevin Carroll, ọmọ ẹgbẹ́ S.M.A., darí ibi iṣẹ́ ọnà kan tí ó kó àwọn agbẹ́gilére, àwọn ahunṣọ àti àwọn onísẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ jọ. Ibẹ̀ ni Bámidélé, ọmọ Aréògún ará Òsì-Ìlọrin, ti ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ náà ni Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Bámidélé. A kò ní kí Lámídì kọ ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó gba ọ̀bẹ. Àwọn Amòye tí ó wá kí Ọmọ Mímọ́ sì di ọba Yorùbá nínú iṣẹ́ ọwọ́ wọn.

Ní ọdún 1943, Bíṣọ́ọ̀bù Leo Taylor, ọmọ S.M.A. tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Èkó lẹ́yìn náà, dá ẹgbẹ́ sístà ti ilẹ̀ wa sílẹ̀, ìyẹn àwọn Sístà Ọkàn Jésù nínú Yúkárístì. Láti ìgbà náà, ọmọbìnrin Yorùbá kò nílò kí ó sọdá òkun kí ó tó lè gbé ìgbé-ayé yìí. Bí ogún bá ti dé ọwọ́ ọmọ onílé, ogún náà ti fìdí múlẹ̀ nìyẹn.

A kò fẹ́ ṣe bí ẹni tí ń kọ oríkì lásán. Àwọn fadá àti sístà náà ní àṣìṣe tiwọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wo orúkọ àbísọ wa, ìlù wa àti ijó wa bí ohun tí ó gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀ kí Ìhìnrere tó ráàyè wọlé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, èdè Látìn tí ìyá àgbà kò gbọ́ ni a fi ń ṣe Máàsì. Fadá Carroll alára kò bọ́ lọ́wọ́ àwọn ará inú ìjọ tí wọ́n rò pé iṣẹ́ ọnà Ọyẹ́ ti sún mọ́ ìbọ̀rìṣà jù. Inú ilé àwọn onísìn pàápàá, ìgbọràn a máa di ìnira nígbà mìíràn, bí ẹni tí ó wà lókè bá gbàgbé pé ènìyàn ni ẹni tí ó wà nísàlẹ̀. Ìjọ Kátólíìkì fúnra rẹ̀ rí i pé ó yẹ kí a tún un yẹ̀ wò. Ìpàdé ńlá Fatikáànù kejì, tí ó parí ní ọdún 1965, ní kí gbogbo ẹgbẹ́ onísìn padà lọ wo ohun tí olùdásílẹ̀ wọn ní lọ́kàn, kí wọ́n sì gé ohun tí kò bá ìgbà mu mọ́ kúrò.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé ara wọn lọ́wọ́ yẹn ni ó yẹ kí àwa náà ṣe ní Ayọ̀bọ̀. Kí ni àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ Kristẹni ní lọ́kàn? A ti rí ìdáhùn kan nínú ìtàn orílẹ̀-èdè wa. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba gba ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Kíláàsì, àga, pápá ìṣeré, géètì, gbogbo rẹ̀ lọ. Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá àwọn kan padà ní ọdún 2001, òrùlé ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń jò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ wà lára àwọn tí ó dìde láti tún wọn ṣe. Kí ló mú wọn dìde? Ohun tí a gbìn sí wọn nínú nígbà tí wọ́n ń jẹun lórí tábìlì kan ni. Ìjọba lè gba ògiri, kò lè gba ohun tí ó wà lọ́kàn ẹni tí a ti tọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ fi ogún sílẹ̀, kí ó fi í sí ibi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò lè tó o.

Ẹ wá wo àdúgbò tí a wà. Àwọn tí ó dàgbà nínú wa rántí ìgbà tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Ayọ̀bọ̀ ṣì jẹ́ oko, tí ènìyàn lè rin ọ̀nà Ìpàjà láìfi èjìká gbún ẹlòmíràn. Lónìí, ilé ti kan ilé. Aládùúgbò ń jáde lọ sí Erékùṣù kí àkùkọ tó kọ, ó ń padà lálẹ́ nígbà tí ọmọ ti sùn. Ilé kọ̀ọ̀kan ní kànga ẹ̀rọ tirẹ̀, jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀, ògiri tirẹ̀, mẹ́gáàdì tirẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí àdúgbò jọ ní, olúkúlùkù ń dá a rà. A tilẹ̀ ti ń dá gbàdúrà: ìlérí ìbùkún ti ara ẹni ni a ń wá kiri láti ibi ìsọjí kan dé èkejì, a kò sì mọ orúkọ ẹni tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ìdí tí a kò fi gbọ́ nípa ọmọbìnrin awakọ̀ yẹn nìyẹn. Kì í ṣe pé ojú àánú kò sí lára wa. Kò sí tábìlì tí a ti lè rí i pé àga rẹ̀ ṣófo ni.

Àwọn kan yóò sọ pé àwa kì í ṣe fadá, àwa kì í ṣe sístà. A ní aya, a ní ọkọ, a ní ọmọ tiwa tí a ń san owó ilé ẹ̀kọ́ wọn, a ní ìyá tí ń retí owó oṣù wa nílé. Òótọ́ ni. Kò sí ẹni tí ó ní kí baálé ilé kó gbogbo owó rẹ̀ lé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ṣé àwa Yorùbá kò mọ ìgbé-ayé yìí rí ni? Ta ni ó kọ́ àwọn baba wa ní ọ̀wẹ̀, tí gbogbo ẹgbẹ́ fi ń kọ́lé fún ẹnì kan láìgba kọ́bọ̀? Ta ni ó kọ́ àwọn ìyá wa ní èsúsú? Ohun tí àwọn onísìn fi gbogbo ayé wọn ṣe, a lè fi apá kan ayé tiwa ṣe é. Àjèjì ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí, ìbáà jẹ́ ọwọ́ mọ́ńkì, ìbáà jẹ́ ọwọ́ oníṣòwò.

Àwọn mìíràn yóò ní owó ni ilé ẹ̀kọ́ fi ń rìn. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ gba owó oṣù, epo jẹnẹrétọ̀ sì wọ́n. Èyí náà jẹ́ òótọ́, a kò sì dá àwọn alábòójútó lẹ́bi. Láyé àwọn sístà, iṣẹ́ olùkọ́ wọn kò náni lówó púpọ̀, nítorí ẹnu díẹ̀ ni wọ́n bọ́, aṣọ díẹ̀ ni wọ́n wọ̀. Olùkọ́ tòní ní ẹbí. Nítorí náà gan-an ni ẹrù yìí kò fi yẹ kí ó wà lórí ilé ẹ̀kọ́ nìkan. Ó yẹ kí ó bọ́ sí orí àwa tí àwọn ẹlòmíràn ti ru ẹrù tiwa rí láìjẹ́ kí a mọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò mọ iye owó gidi tí ẹ̀kọ́ wa ná àwọn tí ó kọ́ wa.

Nítorí náà, a mú ìmọ̀ràn mẹ́ta wá síwájú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti gbogbo òbí. Èkínní ni ti àpò kan. Kí a dá àpò ìrànwọ́ kan sílẹ̀ kí a tó fi bíríkì kan lé èkejì nínú géètì tuntun. Kí olúkúlùkù fi ohun tí agbára rẹ̀ ká sínú rẹ̀ lóṣooṣù, kí a má ṣe ka orúkọ ẹni tí ó mú púpọ̀ wá ní gbangba, kí a má sì ṣe dárúkọ ọmọ tí a ràn lọ́wọ́ rárá. Olùkọ́ kíláàsì ni ó kọ́kọ́ ń rí àga tí ó ṣófo, kí ó lè kàn sí àwọn tí a bá yàn, kí ọmọ náà sì padà sí kíláàsì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kí àwọn tí ó mọ ìṣirò owó nínú wa máa jíhìn lọ́dọọdún. Ẹ̀bùn tí ó dójú ti ẹni tí ó gbà á kì í ṣe ti Kristẹni.

Èkejì ni ti tábìlì kan. Lẹ́ẹ̀kan ní táàmù, kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ wá jẹ oúnjẹ ọ̀sán pẹ̀lú àwọn ọmọ. Kí a má ṣe jókòó sórí pèpéle kí a máa wo ijó wọn. Kí a jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, kí a jẹ ẹ̀wà tí wọ́n ń jẹ, kí a bi wọ́n léèrè orúkọ wọn àti ibi tí wọ́n ń gbé. Dókítà tí ó bá ọmọ ọdún mẹ́tàlá jẹun yóò kọ́ ọ ní ohun tí ọ̀rọ̀ ìwúrí kò lè kọ́ ọ. Òbí tí kò ní owó láti fi sínú àpò lè wá bá wa se oúnjẹ náà, àpò àti ìkòkò jẹ́ ọ̀kan níwájú Ọlọ́run.

Ẹ̀kẹta ni ti àdúrà kan. Ilé ẹ̀kọ́ wa kò ṣaláìní àdúrà, ariwo rẹ̀ ni ó pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a yá ìdákẹ́jẹ́ lò lọ́wọ́ àwọn onísìn. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ní ọ̀sán, kí agogo dún, kí gbogbo ọgbà dákẹ́ rọ́rọ́, kí olúkúlùkù yẹ ara rẹ̀ wò: ta ni mo ṣẹ̀ láàárọ̀ yìí, ta ni mo lè ràn lọ́wọ́ lọ́sàn-án yìí? Ọmọ Mùsùlùmí lè ṣe é, ọmọ Áńgílíkà lè ṣe é. Fún àwọn ọmọ tí a bí sínú ìró hóònù àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ìdákẹ́jẹ́ yìí lè jẹ́ ẹ̀bùn tí wọn yóò rántí jù lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbàgbé bí géètì ti rí.

A kò sọ pé kí a má kọ́ géètì. Bí owó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí kò sí àga kan tí ó ṣófo mọ́ nítorí àìlówó, kí a kọ́ ọ, kí a sì kùn ún ní ọ̀dà tí ó dára. Ètò tí yóò ṣáájú ni a ń jiyàn lé lórí, nítorí ohun tí a bá kọ́kọ́ ṣe ni yóò sọ irú ẹni tí a jẹ́. Bíṣọ́ọ̀bù Brésillac kò kọ́ ilé kankan sí Freetown kí ó tó kú. Ẹgbẹ́ kan ni ó fi sílẹ̀. Pa Antonio kò fi géètì kan sílẹ̀ ní Èkó. Àwọn ènìyàn tí ó mọ ara wọn ni ó fi sílẹ̀. Àwọn méjèèjì sì ni ìjọ ṣì ń rántí.

Ọmọbìnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti padà sí kíláàsì. Àwọn mẹ́ta nínú wa ni ó san owó náà, kò sì mọ̀ wá. A kò sọ èyí láti fi yangàn, nítorí a ti pẹ́ kí a tó ṣe é. Ìbéèrè tí ó kù ni pé àwọn mélòó ni ó tún wà nílé, tí olùkọ́ kankan kò tíì dárúkọ wọn létí wa? Kí Ọlọ́run tí ó pa wá mọ́ títí di ọjọ́ àjọyọ̀ yìí ṣí wa lójú láti rí wọn, kí ó sì fún wa ní ọkàn tí yóò jọ fi àpò kan ná owó, tí yóò jọ jẹun lórí tábìlì kan, tí yóò jọ gba àdúrà kan. A kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, a kí gbogbo òbí, a kí ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n: ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyedún. Ẹ̀mí wa yóò ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Àmín.